Bí A Ṣe Ń Yọ Kọ́kọ́rọ́ àti Iye Rẹ̀ Kúrò Nínú Díkíṣọ́nárì Python

Nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, díkíṣọ́nárì ni ibi tí a ń kó iye pamọ́ sí, tí kọ́kọ́rọ́ sì jẹ́ orúkọ tí a fi ń wá iye kọ̀ọ̀kan. Ìlà kóòdù kan péré ti tó láti yọ kọ́kọ́rọ́ àti iye rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ju ẹyọ kan lọ, ìwà wọn kò sì bára mu nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tí a ń wá kò bá sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó mú èyíkéyìí nínú wọn, ó yẹ kí a ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì. Bí kọ́kọ́rọ́ yìí kò bá sí, ṣé ó yẹ kí ètò náà dúró kí ó sì fi tó wa létí, àbí kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Lẹ́yìn tí a bá sì ti yọ ọ́ tán, ṣé a ṣì fẹ́ lo iye tí ó wà lábẹ́ rẹ̀?

Àkọsílẹ̀ olùmúlò kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì kà á sí pé odindi ni ó tún wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan:

```
olumulo = {"oruko": "Bola", "asiri": "k7x2",
           "ojo_ori": 31, "foonu": None}
```

Ohun tí ó wà lápá òsì àmì : ni kọ́kọ́rọ́, èyí tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ sì ni iye; None túmọ̀ sí pé iye náà ṣófo. Ọ̀rọ̀ àṣírí olùmúlò kò gbọ́dọ̀ bá àkọsílẹ̀ náà jáde nígbà tí a bá ń fi í ránṣẹ́, nítorí náà "asiri" ni a ó kọ́kọ́ yọ. Àṣẹ tí ó ṣe tààrà jù lọ ni del:

```
del olumulo["asiri"]
```

Kọ́kọ́rọ́ àti iye rẹ̀ lọ pọ̀, àṣẹ náà kò sì dá ohunkóhun padà. Bí "asiri" kò bá sí níbẹ̀, Python yóò gbé àṣìṣe tí a ń pè ní KeyError jáde, ètò náà yóò sì dúró, àfi bí a bá ti fi try àti except, àwọn àṣẹ tí a fi ń mú àṣìṣe, pèsè sílẹ̀ dè é. Àwọn kan ka èyí sí ìyọlẹ́nu, ṣùgbọ́n ní tèmi, ààbò ni. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí gbogbo àkọsílẹ̀ ní "asiri", tí ọ̀kan wá dé láìní in, a jẹ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ ṣáájú ìlà yìí, ó sì sàn kí a mọ̀ nísinsìnyí ju kí àléébù náà rìn jìnnà kí ó tó fojú hàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi lẹ́tà Yorùbá tí ó ní àmì ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ kíyè sí irú KeyError kan tí ojú lásán kò lè rí ìdí rẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, lẹ́tà ẹ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn U+1EB9, ó sì lè jẹ́ e lásán tí a fi àmì abẹ́ lẹ́tà, U+0323, kún. Méjèèjì jọra lórí ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Python ń kà wọ́n, yóò sì sọ pé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wò níwájú yín kò sí. Ẹ fi unicodedata.normalize("NFC", k), níbi tí k ti dúró fún kọ́kọ́rọ́, láti inú módùù unicodedata, sọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ di irú kan náà, nígbà tí ẹ bá ń kó wọn sínú díkíṣọ́nárì àti nígbà tí ẹ bá ń wá wọn.

Bí a bá fẹ́ lo iye tí a yọ, pop ni ó yẹ wá:

```
asiri = olumulo.pop("asiri")
foonu = olumulo.pop("foonu", None)
```

Ìlà kìn-ín-ní ń yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì ń dá iye rẹ̀ padà fún wa, ṣùgbọ́n bíi ti del, yóò gbé KeyError jáde bí kò bá rí i. Ní ìlà kejì, a ti sọ fún Python ohun tí yóò dá padà bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá sí, nítorí náà kò ní sí àṣìṣe kankan. Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀ ṣá. Nínú àkọsílẹ̀ wa, iye "foonu" gan-an ni None, nítorí náà nígbà tí pop bá dá None padà, a kò lè mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ náà wà tí iye rẹ̀ ṣófo, tàbí kò tilẹ̀ sí rárá. Níbi tí ìyàtọ̀ yìí bá ti ṣe pàtàkì, kí a kọ́kọ́ fi "foonu" in olumulo yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó yọ ọ́.

Pop oníye méjì yìí náà ni mo fara mọ́ fún yíyọ ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí a ti mọ orúkọ wọn, yálà wọ́n wà níbẹ̀ tàbí wọn kò sí:

```
for k in ("asiri", "foonu", "adiresi"):
    olumulo.pop(k, None)
```

Àṣẹ popitem kì í gba orúkọ kọ́kọ́rọ́. Èyí tí a fi sínú díkíṣọ́nárì kẹ́yìn ni ó ń yọ, tí ó sì ń dá kọ́kọ́rọ́ àti iye rẹ̀ padà pọ̀. Láti Python 3.7 tí ó jáde ní ọdún 2018 ni ètò yìí ti dájú, nítorí ìgbà náà ni èdè náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé díkíṣọ́nárì yóò máa pa bí a ṣe to nǹkan sínú rẹ̀ mọ́. Bí díkíṣọ́nárì bá ṣófo, KeyError ni popitem yóò fi dáhùn.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni yíyọ nǹkan nígbà tí a ṣì ń ka díkíṣọ́nárì náà lọ́wọ́. Ká ní a fẹ́ yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí iye rẹ̀ jẹ́ None, ohun tí ọwọ́ máa ń sáré kọ ni èyí:

```
for k in olumulo:
    if olumulo[k] is None:
        del olumulo[k]
```

Python yóò gbé RuntimeError jáde, yóò sì sọ pé díkíṣọ́nárì náà ti yí padà ní ìwọ̀n nígbà tí a ń kà á. Kì í ṣe ìgbà tí a yọ nǹkan ni àṣìṣe náà ń wáyé bí kò ṣe ìgbà tí for bá fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ tí ó kàn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ kan ti lọ kí Python tó sọ̀rọ̀. Bí a bá fi except gbé àṣìṣe náà mì láìṣe nǹkan mìíràn, díkíṣọ́nárì tí a yọ ní àyọkù ni yóò kù sí wa lọ́wọ́. Bí a bá yọ ọ̀kan tí a sì fi òmíràn kún un nínú àyípo kan náà, ìwọ̀n kò ní yí padà, Python lè má tilẹ̀ sọ ohunkóhun, èyí sì burú ju àṣìṣe lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí a kọ́kọ́ kó àwọn kọ́kọ́rọ́ sínú àtòkọ ọ̀tọ̀, kí a sì máa ka àtòkọ náà dípò díkíṣọ́nárì fúnra rẹ̀:

```
for k in list(olumulo):
    if olumulo[k] is None:
        del olumulo[k]
```

Kíkọ olumulo.keys() dípò list(olumulo) kò tó. Nínú Python 2, keys() ń dá àtòkọ tuntun padà, ìdí nìyí tí kóòdù àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n láti Python 3.0 tí ó jáde ní ọdún 2008, fèrèsé lásán ni ó jẹ́ sínú díkíṣọ́nárì kan náà.

Ọ̀nà mìíràn, tí ó máa ń mọ́ jù ú lọ láti kà, ni kí a má yọ ohunkóhun, kí a kúkú ṣa àwọn tí a fẹ́ sínú díkíṣọ́nárì tuntun:

```
olumulo = {k: v for k, v in olumulo.items()
           if v is not None}
```

Ẹ má ṣe gé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrú sí if v, nítorí pé òdo, False àti ọ̀rọ̀ òfìfo yóò bá None lọ, ọjọ́ tí iye kan bá sì jẹ́ 0 ni data tí ó ṣe pàtàkì yóò pòórá láìsí ariwo.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìlà yìí. Díkíṣọ́nárì tuntun ni ó dá sílẹ̀. Bí apá mìíràn nínú ètò náà bá ti di èyí àtijọ́ mú lábẹ́ orúkọ mìíràn, kò sí ohun tí ó yí padà fún un. Ìyàtọ̀ yìí kan náà ni ó wà láàárín olumulo.clear(), tí ń tú gbogbo ohun inú díkíṣọ́nárì náà dànù lójú gbogbo ẹni tí ó dì í mú, àti olumulo = {}, tí ó kàn ń gbé orúkọ náà lé díkíṣọ́nárì òfìfo mìíràn lórí. Ní ìdà kejì, bí a bá fi díkíṣọ́nárì fún iṣẹ́ (function) kan tí a kọ, tí iṣẹ́ náà sì lo del tàbí pop lórí rẹ̀, ti ẹni tí ó pè é ni ó ń dín kù, nítorí Python kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún wa. Fún iṣẹ́ bíi yíyọ "asiri" kúrò kí a tó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà:

```
def fun_ita(olumulo):
    eda = olumulo.copy()
    eda.pop("asiri", None)
    return eda
```

Òkè nìkan ni copy() ń dà kọ. Bí díkíṣọ́nárì mìíràn bá wà nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ̀dà àti ojúlówó ni yóò jọ ni ín, ohun tí a bá sì yọ níbẹ̀ yóò kúrò nínú méjèèjì. Nígbà bẹ́ẹ̀, copy.deepcopy ni kí a lò, láti inú módùù tí ń jẹ́ copy.

Ní ti ààyè inú mẹ́mórì, yíyọ kọ́kọ́rọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í mú kí tábìlì díkíṣọ́nárì sún kì lójú ẹsẹ̀ nínú CPython, ìyẹn irú Python tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bí a bá yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú díkíṣọ́nárì ńlá, tí a sì fẹ́ gba ààyè náà padà, ó sàn kí a fi àwọn tí ó kù kọ́ tuntun, kí a sì jẹ́ kí ti àtijọ́ lọ.