Gìtá olówó pọ́ọ́kú tó wà nílé: kí ló ń ṣe é, báwo la ṣe lè tún un ṣe?

Gìtá tí mò ń sọ níbí ni èyí tí a rà lọ́jà, tàbí tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí yunifásítì. Ó fara ti ògiri pálọ̀, òun sì ni ọwọ́ máa ń nà sí nígbà tí iná bá lọ. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ìbàdàn sábà máa ń gbé wá. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n bá ti ní kò dáa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Mo ra gìtá olókùn irin fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi pa á tì, ó ní ìka ń dun òun. Ìka rẹ̀ pọ́n lóòótọ́. Ṣé ọmọ ni kò fẹ́ kọ́ ọ ni, àbí gìtá ló ní àléébù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá a wí. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gìtá tí ìka kì í dùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí orí ìka tó yi. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá pọ̀ débi pé ọmọ ń sá fún ohun tó fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn ló ga jù.

Ẹ mú rúlà ilé ìwé rẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá là ń pè ní fret. Ẹ kà wọ́n láti apá orí wá títí dé ìkejìlá, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín irin náà àti ìdí okùn tó nípọn jù. Òdo rúlà kì í sábà wà ní etí rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ gé ibi tí kò ní àmì yẹn dànù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Fún okùn irin, mìlímítà 2 sí 2.5 tẹ́ ọwọ́ ọmọdé lọ́rùn. Tó bá ti ń lọ sí 4, àgbàlagbà gan-an ò ní tẹ̀ ẹ́ pẹ́.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gbé okùn ga. Ọrùn gìtá lè ti tẹ̀ bí ọrun. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ okùn tó nípọn yẹn mọ́ fret kìíní, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ikùn gìtá, kí ẹ wá wo àárín. Àlàfo ibẹ̀ kò yẹ kó ju ohun tí bébà líle kan lè gbà kọjá. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin kan wà nínú ọrùn ọ̀pọ̀ gìtá olókùn irin tí a fi ń nà á padà. Ẹ ó rí orí rẹ̀ nínú ihò ikùn, tàbí lábẹ́ ìdérí kékeré tó wà ní apá orí gìtá. Ẹ fi Allen key, ìyẹn irin onígun mẹ́fà tó tẹ̀, tó bá a mu yí i lọ sápá ọ̀tún, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, kí ẹ to ohùn gìtá padà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí kò bá gbà, ẹ má fi agbára mú un. Irin tó bá kán sínú ọrùn, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó gìtá lọ.

Ó sì lè jẹ́ pé bridge, ìyẹn pákó tí a lẹ̀ mọ́ ikùn gìtá tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, ti ń ṣí. Ẹ ti bébà sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí bébà bá wọlé, ẹ tú okùn sílẹ̀ lónìí, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tí yóò ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, tí yóò fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́, tí yóò sì fún un mọ́lẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da súpà gúlù sí i.

Tí kì í bá ṣe méjèèjì yìí, egungun funfun tó wà lórí bridge ló ga jù, òun gan-an ni mo sì máa ń bá jù. Ẹ tú okùn, ẹ fà á yọ, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìdí rẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ ha á dé. Ẹ tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, kí ẹ máa ha ìdí yẹn lórí rẹ̀ lóòró, kó lè tẹ́jú. Nítorí pé fret kejìlá wà ní ìdajì okùn, bí ẹ bá fẹ́ kí okùn fi mìlímítà 1 wálẹ̀ níbẹ̀, mìlímítà 2 lẹ ó ha kúrò lára egungun. Ẹ máa dá a padà, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí ohun tí sáńpépà bá ti jẹ kì í padà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra okùn tó fúyẹ́. Tí wọ́n bá bi yín nọ́ńbà lọ́jà, ẹ ní 10 tàbí 11, kì í ṣe 12 tàbí 13. Nọ́ńbà yẹn ni sísanra okùn tó tín-ín-rín jù: 10 jẹ́ íńṣì 0.010. Ẹ gbé gìtá náà padà síbi tí ọmọ ti máa rí i, kí ẹ má sọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń to ohùn gìtá mi dáadáa, orin kan péré ni màá ta, ó ti yà kúrò. Ṣé kí n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, èyí tí a ń yí láti fa okùn, fún orí rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi owó rẹ sápò ná. Ìgbà wo lo pààrọ̀ okùn kẹ́yìn? Òógùn ọwọ́ máa ń jẹ irin, okùn tó bá ti dípẹtà kò sì ní í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tó bá sì jẹ́ tuntun ni, ó ṣì ń nà ni. Mú un ní àárín, fà á sókè jẹ́jẹ́, to ohùn rẹ̀ padà, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀márùn-ún. Okùn nylon lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dúró.

Wo bí o ṣe wé e mọ́ òpó kọ́kọ́rọ́ náà. Wíwé ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta tó, kó máa lọ sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan má gun orí èkejì.

Fetí sí i dáadáa nígbà tí o bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí ohùn kò bá yí padà fún ìgbà díẹ̀, tó wá fò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú “tín!”, okùn ti há sínú ojú ihò egungun kékeré tó wà níparí ọrùn lápá orí. Yọ okùn kúrò nínú ojú ihò náà, fi ẹnu pẹ́ńsù 2B kùn ún, kí o dá okùn padà. Dúdú pẹ́ńsù yẹn máa ń jẹ́ kí okùn yọ̀. Mo ti rí ẹni tó ná owó kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà sórí ohun tí pẹ́ńsù ì bá ti tún ṣe, ó sì dùn mí fún un.

Láti ìsàlẹ̀ ni kí o sì ti máa fa okùn lọ sókè. Bí o bá ti kọjá ohùn tó o fẹ́, dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, kí o tún fà á wá. Lẹ́yìn gbogbo èyí, tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì ń mì, yí skúrúù kékeré tó wà lára rẹ̀ kó le. Kọ́kọ́rọ́ tí eyín inú rẹ̀ bá ti jẹ tán nìkan ló nílò pípààrọ̀.

Ìbéèrè: Gìtá mi dára gan-an nígbà òjò. Bí ọyẹ́ ṣe dé, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìrì bí ẹni pé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní pákó rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Pákó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tu ú sílẹ̀. Nígbà òjò, ojú ikùn gìtá máa ń wú, ó ń gbé bridge àti okùn sókè. Nígbà ọyẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀, okùn á wá máa kan àwọn fret. Ìdí kan náà ló mú kí etí àwọn fret máa gún yín lọ́wọ́ nígbà yìí: pákó ọrùn ló súnkì, irin kì í súnkì.

Gìtá olówó pọ́ọ́kú sàn níhìn-ín ju olówó ńlá lọ. Púláìwúùdù, ìyẹn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tí a lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú rẹ̀, kì í sì í yára yí padà tàbí là bíi pákó odindi. Ẹ wo etí ihò ikùn: tí ẹ bá rí ìpele-ìpele, púláìwúùdù ni.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá ibi tí ariwo náà ti ń jáde. Tó bá jẹ́ nígbà tí ẹ kò tẹ okùn nìkan ló ń dún, ojú ihò egungun apá orí ló ti jìn jù. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí ọrùn, ẹ fi etí káàdì ATM dábùú fret mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Tí káàdì bá ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, fret àárín ló ga jù. Tó bá jẹ́ gbogbo ọrùn, tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́, ojú ọjọ́ ni. Gìtá fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lu ihò sára páálí ọṣẹ oníke, ẹ fi kànrìnkàn tútù tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú àpò gìtá, kí omi má kan pákó. Ẹ máa fa síìpù rẹ̀. Ẹ má ṣe ha egungun kankan, ẹ má sì fi èyí tó ga jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀, títí òjò yóò fi padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn yóò ga jù nínú oṣù Kẹfà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo fẹ́ máa ta jùjú ní ọjọ́ ogbó mi. Gìtá olókùn nylon ni ọmọ mi rà fún mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ jù. Ṣé mo lè fi okùn irin sí i?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Okùn irin mẹ́fà, nọ́ńbà 12, máa ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70. Ti nylon kò ju nǹkan bí 40 lọ, ìwọ̀n yẹn sì ni wọ́n kan igi inú ikùn rẹ̀ fún. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 16, ẹnì kan lọ́jà sọ fún mi pé kò sí ìyàtọ̀. Ní òru kan láàárín oṣù yẹn, mo gbọ́ tó dún kẹkẹ. Bridge ti já, ó sì ti ya ojú gìtá lọ. Mi ò ní òmíràn fún ọdún méjì.

Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú àwo Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gìtá oníná ni, okùn irin ló sì wà lórí rẹ̀. Bí ìyẹn bá ni ọkàn yín fẹ́, ẹ fi èyí ṣe pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀bùn ọmọ yín, ẹ ra okùn nylon tí wọ́n kọ “high tension” sí lára. Ohùn rẹ̀ mú díẹ̀ sí i, kò sì ní pa á lára.

Ìbéèrè: Kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀, tó wà nítòsí orí máa ń dùn, àmọ́ bí mo bá ti sún sísàlẹ̀ ọrùn, ohùn á ti wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn, kí ẹ sì rọ ọwọ́, ẹni tó bá ń tẹ okùn jù máa ń fa ohùn rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá kó dún bí agogo, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ohùn méjèèjì yẹ kó jẹ́ ọ̀kan. Tí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, okùn tó jìnnà jù sí ọrùn ló sábà máa ń fà á, ẹ padà sí ìdáhùn àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, tí n bá fẹ́ ra ti àlòkù, kí ni kí n wò?

Ìdáhùn: Nínú àwọn tí mo mọ̀ tó dúró dáadáa, Yamaha C40 wà fún okùn nylon, F310 sì wà fún okùn irin. Ayédèrú pọ̀, nítorí náà ojú rẹ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Mú rúlà, bébà àti káàdì ATM dání. Gbé ìdí gìtá sí abẹ́ ojú kan, kí o wo ọrùn rẹ̀ lọ títí dé orí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Tó bá lọ́, fi sílẹ̀. Ti bébà sábẹ́ bridge. Wọn fret kejìlá. Yí kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà, ta okùn kọ̀ọ̀kan ní fret kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń kánjú.