Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀ka Kòkòrò HIV Mọ̀ Nínú Ìwádìí

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí kòkòrò HIV ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ara ẹ̀ka B, tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ ti wá. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka G àti CRF02_AG, tí í ṣe àdàpọ̀ A àti G, ló wọ́pọ̀. CRF ni à ń pe irú àdàpọ̀ ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tó ń ràn láti ara ènìyàn kan sí òmíràn. Kódà, kòkòrò kan tí wọ́n rí ní Ìbàdàn, IbNG, ló di àwòṣe CRF02_AG fún gbogbo ayé.

Pol ni apá jíìnì tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò máa ń kà, nítorí òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń ràn án. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ G ní pol lè jọ A ní env, apá jíìnì mìíràn. Bí agbára bá wà, ẹ ka gbogbo jíìnì kòkòrò náà, tó tó nǹkan bíi lẹ́tà 9,700. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ kedere pé pol nìkan ni ẹ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àwòṣe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti inú àkójọ Los Alamos, ibi tí wọ́n ń kó àwọn jíìnì HIV jọ sí ní Amẹ́ríkà, ẹ tò wọ́n mọ́ tiyín, kí kọ̀ǹpútà ya igi ìran wọn, kí ẹ sì pín jíìnì náà sí wẹ́wẹ́ láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ má ṣe pe àdàpọ̀ àjèjì ní CRF tuntun, àfi bí ẹ bá rí i lára ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn kò kó o ran ara wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ ni HXB2, jíìnì kòkòrò HIV kan tí a fi ń ka nọ́ńbà ipò. Ẹ̀ka B ni, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ibi tí tiyín ti yàtọ̀ sí i ni oògùn yí padà. Ní ipò 36 lára protease, ọ̀kan lára àwọn enzyme tí kòkòrò náà fi ń ṣiṣẹ́, amino acid tí a ń pè ní M ni ẹ̀ka B sábà máa ń ní. I ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka yòókù ní láti ìpilẹ̀, kódà lára ẹni tí kò fi oògùn kan ẹnu rí. Ìyàtọ̀ mìíràn sì lágbára: ní ipò 106 lára reverse transcriptase, enzyme mìíràn, lẹ́tà jíìnì GTA ni ẹ̀ka B sábà máa ń ní, GTG sì ni ti ẹ̀ka C tó gbilẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, àmọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù kí GTG di ATG, tí oògùn efavirenz kò fi ní ràn án mọ́, nígbà tí GTA nílò méjì. Nítorí náà, ẹ to àbájáde yín ní ẹ̀ka-ẹ̀ka kí ẹ tó ṣírò iye àwọn tí oògùn kò ràn.