Àṣìṣe táwa tíṣà máa ń ṣe tá a bá ń kọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní kẹ́mísírì àyíká

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jáde nínú kíláàsì kẹ́mísírì àyíká tó jẹ́ pé "ìdọ̀tí ò dáa, ẹ má gé igi" nìkan ló kù sí wọn lórí. Ìkìlọ̀ nìyẹn, kì í ṣe kẹ́mísírì, àwọn òbí wọn sì ti ń sọ ọ́ fún wọn nílé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ọmọ lè tọ átọ́mù lẹ́yìn, kó mọ ibi tó ti wá àti ibi tó lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bá a ṣe ń da ọ̀rọ̀ ósónì, ìyẹn gáàsì òkè tó ń dí ìtànṣán oòrùn tó léwu lọ́wọ́, pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná. Ẹ bi àwọn ọmọ yín pé kí ló ń mú ayé gbóná, ẹ máa gbọ́ "ihò ti wà lára ósónì, oòrùn wá ń gba ibẹ̀ wọlé". Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kó o, torí ọjọ́ kan náà la máa ń kọ́ méjèèjì, àwòrán kan náà la sì máa ń yà, oòrùn lókè, ayé nísàlẹ̀, ìlà kan láàárín. Bẹ́ẹ̀ wọ́n yàtọ̀ síra gan-an. Ti ósónì, CFC, ìyẹn gáàsì tó ní chlorine lára tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì àtijọ́, ló gòkè lọ, ìtànṣán ultraviolet já chlorine kúrò lára ẹ̀, chlorine yẹn wá ń fọ́ ósónì, tó bá fọ́ ọ tán á tún jáde padà bó ṣe wà, ìdí nìyẹn tí átọ́mù kan ṣoṣo fi lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù jẹ́. Molina àti Rowland, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1974, àdéhùn Montreal táwọn orílẹ̀-èdè fi fòpin sí lílo CFC sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Ti ayé tó ń gbóná, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò nílò ihò kankan kó tó wọlé, ooru tí ilẹ̀ ń dá padà sókè ni gáàsì CO2 (carbon dioxide), methane àti omi tó ti di afẹ́fẹ́ ń gbà mú. Òótọ́ ni pé CFC náà máa ń gba ooru mú, ẹ sọ ọ́ fún wọn, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ìyàtọ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lè fi ọ̀sẹ̀ kan pín ẹ̀kọ́ méjèèjì níyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì sọ CO2 di ọ̀tá. Tí kò bá sí àwọn gáàsì tó ń gba ooru mú yìí rárá, nǹkan bí -18°C ni ojú ilẹ̀ ayé ì bá wà dípò 15°C. Wàhálà ibẹ̀ ni pé CO2 inú afẹ́fẹ́ ti kúrò ní nǹkan bí 280 ppm (ìyẹn 280 nínú mílíọ̀nù kan) tó wà kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó dé, ó ti kọjá 420 báyìí. Ọmọ tó bá gbọ́n á bi yín pé báwo ni nǹkan tí ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ṣe lágbára tó báyẹn, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, ìbéèrè gidi ni. Naitirójìn 78% àti ọ́síjìn 21% kì í gba ooru yẹn mú rárá, ó máa ń gba àárín wọn kọjá ni.

Ti òjò ásíìdì, a máa ń ṣe bíi pé pH (òṣùwọ̀n ásíìdì, bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí) òjò tó mọ́ jẹ́ 7. Rárá o, bíi 5.6 ni, torí CO2 inú afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ sínú ẹ̀. Àwọn ọmọ tún rò pé 4.6 fi ẹyọ kan péré yàtọ̀ sí 5.6, a ò sì sọ fún wọn pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ásíìdì inú 4.6 fi ju ti 5.6 lọ.

Ti odò tí ajílẹ̀ ṣàn wọ̀, algae, ìyẹn ewé wẹ́wẹ́ tó ń hù lójú omi, kọ́ ló sábà máa ń pa ẹja. Tí algae bá kú, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ ló ń lo ọ́síjìn inú omi tán.

Ẹ dákun, ẹ má sun ike nínú kíláàsì torí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí èéfín, PVC, tó jẹ́ irú ike kan, máa ń tú gáàsì hydrogen chloride jáde. Ẹ má sun súfúrù níbi tí kò sí ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì jáde, ọmọ tó ní asthma lè dákú mọ́ yín lọ́wọ́. Bílíìṣì àti ásíìdì ò gbọdọ̀ pàdé láé, chlorine ló ń tibẹ̀ jáde. Fídíò wà fún gbogbo ìyẹn.

Èyí tó kù ni pé a máa ń yára dáhùn jù. Ẹ sọ fún wọn pé lítà epo bẹntiróòlù kan ò wúwo tó kílò kan, àmọ́ tó bá jó tán, CO2 tó jáde tó kílò méjì àti díẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè ibi tí ìyókù ti wá. Ẹ jókòó, ẹ má sọ̀rọ̀. Wọ́n á jiyàn, àwọn kan á ní irọ́ ni, ẹnì kan á ṣáà rántí ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ wá fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó bọ́ síwájú kọ equation ẹ̀ fún àwọn tó kù.