Bí A Ṣe Lè Rí Owó Aládàáni fún Iṣẹ́ Ìgbaradì De Ìyípadà Ojú-Ọjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn olùdókòwò aládàáni náwó sórí iṣẹ́ tí yóò ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti fara da ọ̀gbẹlẹ̀, omíyalé tàbí ooru gbígbóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń lé wọn sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi oòrùn pèsè iná mànàmáná rí ọjà tà, ṣùgbọ́n ẹni tó la ojú àgbàrá kò rí nǹkan kan tà, nítorí pé àdánù tí kò ṣẹlẹ̀ ni èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí owó fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nínú ìròyìn ọdún 2023, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ṣírò rẹ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà nílò bílíọ̀nù dọ́là 215 sí 387 lọ́dọọdún láàárín ẹ̀wádún yìí. Bílíọ̀nù 21 péré ni owó ìjọba tó wọlé fún wọn láti òkèèrè lọ́dún 2021.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè owó, ẹ wádìí ẹni tó ń pàdánù lọ́wọ́lọ́wọ́, àti iye tó ń pàdánù. Bí àpẹẹrẹ, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń lọ àgbàdo, ẹ jókòó ti aṣírò owó rẹ̀, kí ẹ ṣí ìwé ọdún tí òjò dára àti ti ọdún tí òjò kọ̀, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi dúró láìrí àgbàdo lọ̀. Iye tí ọjọ́ wọ̀nyẹn ná ilé-iṣẹ́ náà ni ẹ ó fi bá a sọ̀rọ̀, kí ó lè gbà láti san apá kan owó páìpù tí ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn àwọn àgbẹ̀ tó ń tà fún un. Àwọn àgbẹ̀ yóò san ìyókù lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má ṣe gbà kí báńkì gbé gbèsè oṣooṣù lé wọn lórí, nítorí owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù.

Bí ewu bá ṣì pọ̀ jù lójú olùdókòwò, ẹ wá owó ìrànwọ́ tí yóò kọ́kọ́ gba àdánù sára bí nǹkan bá bàjẹ́. Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Songdo ní Gúúsù Kòríà, ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn aládàáni, ó sì ní ọ̀nà ìrọ̀rùn fún iṣẹ́ tí owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ju mílíọ̀nù dọ́là 25 lọ, tí ìpalára rẹ̀ fún àyíká kò sì tó nǹkan. Ẹ kò lè lọ bá a tààrà: ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ni yóò gbé ìwé yín lọ, ìjọba orílẹ̀-èdè yín yóò sì kọ̀wé pé òun kò lòdì sí iṣẹ́ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti lọ bá ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìwé yìí.

Owó adójútòfò tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ní Marsabit, ní àríwá Kẹ́ńyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ fún àwọn darandaran lọ́dún 2010: sátẹ́láìtì ń wo bí koríko ṣe tutù tó, bí ó bá sì gbẹ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, wọn yóò san owó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ ka òkú ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran ẹnìkan lè kú nígbà tí sátẹ́láìtì ṣì ń rí koríko tútù, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un kí ó tó sanwó.

Ní ti bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí a ń tà fún àwọn olùdókòwò láti fi yá owó lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí ìjọba Fíjì, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan, tà lọ́dún 2017, ti ìjọba àti báńkì ńlá ni; kò yẹ iṣẹ́ kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ ìjì tàbí odi tó ń dá omi òkun dúró fún àwọn tálákà kò ní ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, ó sì tọ́ kí ó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ìwà ìkà ni kí a fi gbèsè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé àwọn tí omi ń gbé ilé wọn lọ lọ́rùn.

Níkẹyìn, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa wọn àǹfààní iṣẹ́ náà, yálà iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi dúró tàbí iye àpò tí àwọn àgbẹ̀ kó wálé, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀ ó kéré tán ní sáà ìkórè kan ṣáájú kí páìpù àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀.