Bí mo ṣe pààrọ̀ okùn fáyólìn Craske mi

Fáyólìn tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manchester ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Tí ẹ bá yọjú wo ihò ojú rẹ̀, ẹ ó rí ìwé pélébé kan nínú: George Craske ló ṣe é, wọ́n bí i ní 1795, ó kú ní 1888, William E. Hill & Sons ní London ló tà á. Manchester níbí àti Stockport wà lára ibi tí bàbá yìí ti ṣiṣẹ́; fáyólìn Stradivari àti ti Guarneri, àwọn àgbà oníṣẹ́ fáyólìn ilẹ̀ Italy ayé àtijọ́, ló sábà máa ń wò ṣe tirẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kò kàn tó tiwọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún régé. Ẹ̀yìn fáyólìn náà nílà bí ara ológbò. Tí ẹ bá yí i sí iná, àwọn ìlà náà á máa rìn.

Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin. N kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn. Mo fi oríkèé ìka kan etí rẹ̀ yípo, kó, kó, kó. Ibi gbogbo dún gbọn-in, àfi ìsàlẹ̀ lápá òsì, tó dún bí igbá tó sán. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ti tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù ọjà lẹ̀ ẹ́! Awọ ẹran ni wọ́n ń sè fi ṣe gọ́ọ̀mù fáyólìn. Ooru àti omi ń tú u, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú á lè ṣí i láì ba igi jẹ́. Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́, ó bá mi lẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku okùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pààrọ̀ wọn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fáyólìn tó dúró láàrin ojú àti ẹ̀yìn. Kò sí gọ́ọ̀mù nídìí rẹ̀, agbára okùn ló dì í mú. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igi yẹn lè ṣubú, bíríìjì tó gbé okùn sókè náà á wó. Mo fi ẹnu pẹ́ńsù kun kòtò tóóró tí okùn ń gbà kọjá kí ó lè máa yọ̀. Bí mo ṣe ń lọ́ èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn le, ojú mi ò kúrò lára bíríìjì: ó máa ń tẹ̀ sápá èèkàn, mo sì ń fi ìka fà á padà díẹ̀díẹ̀.

Mo gbé ọrun lé okùn G, èyí tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù. Kíkùn yẹn ti lọ. Ohùn tó jáde jinlẹ̀, ó ní ìkẹ̀ díẹ̀ bíi gòjé àwọn onísákárà. N kò gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.