Bí mo ṣe tún ìwé ètò ìsìnkú kan ṣe ní Abẹ́òkúta nítorí ọ̀rọ̀ "lust"

Wọ́n ti tẹ ẹ̀dà 300, wọ́n sì ti fi pínnì kàn án pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ka ojú ìwé 3. Abẹ́ fọ́tò màmá arúgbó tí wọ́n fẹ́ sin ni ọ̀rọ̀ náà wà: "Mama, we lust after you every day." Yorùbá tí àwọn ọmọ kọ kò ní àbùkù kankan: "Màámi, ojoojúmọ́ ni ọkàn wa ń fà sí yín." Ẹni tó bá wọn tẹ̀ ẹ́ ló jù ú sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù, ohun tó sì pọ̀ jáde ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tán ni wọ́n wá ní kí n "bá wọn wò ó fìrí".

Fìrí kẹ̀! Ìwé A5 olójú ìwé 16 ni, A4 mẹ́rin tí a ṣẹ́ po. Ojú ìwé 3 kì í dá wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: 4, 13 àti 14 ló jọ wà lórí tákàdá kan náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bàjẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní láti tú pínnì 600, kí wọ́n tún A4 300 tẹ̀ ní aláwọ̀ mèremère, kí wọ́n sì kàn án padà. Onítẹ̀wé náà, ní Ṣàpọ́n, kò dín kọ́bọ̀. Ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859 ni a sì wà o.

Àkọtọ́, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, nọ́ńbà orin ìsìn, mi ò ní fìyẹn dá yín dúró. Ọ̀rọ̀ ìyánhànhàn yẹn ni mo jókòó tì.

"Lust" ò ṣeé fi kan òbí láé. Lóòótọ́, nínú Bíbélì King James ti 1611, Diutarónómì 12:15, ẹran jíjẹ lásán ni ọkàn ń "lust after". Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn nìyẹn. Lónìí, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ni, àfi nínú irú ọ̀rọ̀ bíi "lust for power". "Covet" náà kò bọ́ sí i, nítorí ohun olóhun ló ń bá kiri. Òun ló wà nínú òfin kẹwàá.

"Crave" ni ọmọbìnrin wọn kan fẹ́. Ara ló ni "crave", pàápàá ẹnu. Ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní London tó ń "crave" láfún, itọ́ ló ń dà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ń "long for" láfún, ilé ló ń rò. "Crave" tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì sábà nílò "for" ní ìdí. "A craving" ló ń gba "for". "I crave your indulgence" tí àwọn alága ìnáwó kì í yé sọ ń kọ́? Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ìtumọ̀ àtijọ́ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

"Pine for" ni ẹlòmíì mú wá. Ẹni tó ń "pine" kì í jẹun, ó ń rù ni. Ìdílé tó ti pín aṣọ ẹbí, tó ti sanwó olórin, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kí àlejò má rẹ́rìn-ín.

Ibi tí iṣẹ́ wá há sí ni "desire". Bàbá àgbà kan nínú ẹbí ní kí a kọ "we desire you", pé ó níyì. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ó níyì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú èèyàn." Ohun tàbí ìṣe ni a ń "desire" tí kò fi ní sí wàhálà: ipò, àlàáfíà, "her desire to see her grandchildren". Bí èèyàn bá ti tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yàrá ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní gbé e lọ. Bàbá ní irọ́ ni, ó wà nínú Bíbélì, Lúùkù 22:15, "With desire I have desired". Mo ní kí wọ́n ka a síwájú: jíjẹ àjọ Ìrékọjá ni Jésù "desire", kì í ṣe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Bàbá ò gbà. Onítẹ̀wé ń pè, àwọn ọmọ ń wo ojú mi, owó iná jẹnẹrétọ̀ ń gorí owó tákàdá, "desire" ò kúrò níbẹ̀.

Fílípì 1:8 ló gbà wá. Nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí àwọn tó fẹ́ràn tó sì jìnnà sí: "how greatly I long after you all". Bàbá kà á, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ṣé kí wọ́n kọ 'after' náà?" Rárá. "Long for" èèyàn tàbí ohun, "long to" ìṣe. "After" yẹn ti gbó. "Yearn" náà gba "for" àti "to", àmọ́ ó wúwo jù ú lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lò ó, nínú ewì ọmọ-ọmọ wọn.

Fún "àárò yín ń sọ wá", "we miss you" ni, nítorí ohun tí a ti ní rí ni a ń "miss". Ẹ ṣọ́ra níbí: lédè wa, àárò ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbé ètò yẹn wọ Gẹ̀ẹ́sì á kọ "Mama is missing us", ìyẹn ni pé olóògbé ló ń ṣàárò wa láti ọ̀run.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ nìyí: "Mama, we miss you. Every day our hearts long for you." Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò purọ́.

Tí mo bá tún máa gba irú iṣẹ́ yìí, ojú ìwé 7 sí 10 ni mo máa ní kí wọ́n kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì sí. Tákàdá àárín kan ṣoṣo nìyẹn. Bó bá bàjẹ́, òun nìkan ni a ó yọ. Mo sì máa gba owó mi ṣáájú, nítorí wọn ò tíì san èyí tó kù.