Bí Mo Ṣe Dá Èèrà Pupa Etí Àbàtà Mọ̀

Ẹni tí ó ta awò amú-nǹkan-tóbi fún mi kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé yóò sọ nǹkan di ìlọ́po 1,000, n kò sì tíì rí irọ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára páálí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró, iná tí ó bá a wá kò sì wúlò, ni mo bá tún ná owó lórí méjèèjì. Gbogbo èyí, kí n lè mọ orúkọ èèrà pupa tí ó ń ta wá ní pápá olómi lẹ́bàá àbàtà ẹnu odò Thames, ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mímú un kò gba àlàyé: ẹni tí ó bá ṣí òkúta tàbí igi jíjẹrà yóò bá a, yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Kókó méjì ìbàdí rẹ̀ àti oró rẹ̀ fi hàn pé ìdílé Myrmica ni. Ìdí ìwo orí rẹ̀ rọra tẹ̀ ni, kò ṣẹ́ bí ti Myrmica sabuleti, ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé náà. Nítorí náà, nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀, ó ku Myrmica rubra, tí Linnaeus, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ará Sweden, sọ lórúkọ ní 1758, àti Myrmica ruginodis.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀gún méjì ló wà lẹ́yìn àyà wọn, kété kí ìbàdí tó bẹ̀rẹ̀. Ti ruginodis gùn, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Ti rubra kúrú, àárín wọn sì ń dán. Ṣùgbọ́n lábẹ́ awò mi, gbogbo ara èèrà náà, tí sípíríìtì tí mo fi tọ́jú rẹ̀ ti rin, ló ń dán bí abọ́ tánganran. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, títí ọrùn fi ń ro mí. Mo kọ̀wé sí ẹni tí ó tà á, ó ní kí n ra iná tí ó mọ́lẹ̀ ju èyí lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé àpọ̀jù iná gan-an ló ń fọ́ mi lójú!

Mo jẹ́ kí èèrà náà gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó páálí, mo sì fi bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iná. Ẹ̀gún kúrú, àárín dídán: rubra! Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wọlé. Ó wò ó, ó ní ṣé nítorí ẹ̀gún yìí ni owó wa ṣe lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó ra awò ọwọ́ onílọ́po 20. Kí ó mú ju èèrà kan lọ, nítorí ẹ̀gún ọ̀kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì, kí ó sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀.